Òjìji Tó Kọjú sí Oòrùn

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, òórùn kan gba ẹnu ilẹ̀kùn yàrá mi wọlé kí n tó dìde lórí ibùsùn. Òórùn òróró tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà ni, èyí tó máa ń ta sí imú bí ata tó já sínú epo gbígbóná. N kò tíì lajú tán tí imú mi ti gbé mi kúrò ní Àtìkòrì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó gbé mi kọjá Agọ́-Ìwòyè, tó gbé mi la ọ̀sà kọjá, tó sì sọ̀ mí kalẹ̀ létí òkun níbi tí mo ti ṣe ọmọdé. Mo tún wá ń gbọ́ òórùn ẹja yíyan lé e, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹja kankan nínú ilé yàtọ̀ sí èyí tó dì gbagidi nínú fìríìjì. Mo jókòó sí etí ibùsùn, n kò mọ̀ bóyá ọmọdé ni mí tàbí àgbà, mo sì dìde lọ láìwọ bàtà.

Ọmọ ọmọ mi, Tọ́pẹ́, ló fa sábàbí. Ó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Agọ́-Ìwòyè, ó sì máa ń wá sinmi lọ́dọ̀ mi ní òpin ọ̀sẹ̀, bí ẹ bá gbà pé kí èèyàn jẹ ìkòkò ọbẹ̀ dé ìdí ni ìsinmi. Ó ti gbé àwòrán ńlá kan sọ̀kalẹ̀ lára ògiri pálọ̀, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, ó ń fi òwú tó rin sínú òróró yẹn nu èéfín àti omi òjò tó ti gbẹ mọ́ ọn lára. Àwòrán náà ti wà lára ògiri bàbá mi kí n tó bí ìyá Tọ́pẹ́. A ti rí i títí a kò fi rí i mọ́. Àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun ló wà níbẹ̀: àwọn ọkùnrin tó dì mọ́ okùn, àwọn obìnrin tó ń dúró de ẹja, àti níwájú gbogbo wọn, ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ sí ìbàdí.

Tọ́pẹ́ ní ẹni tó ya àwòrán náà mọṣẹ́, pé òun tilẹ̀ rí ẹyọ yanrìn nínú ọ̀dà rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ìta gbangba ló jókòó sí tó fi yà á. Ó wá ní ṣùgbọ́n ó ṣì í níbì kan. Ó fi ìka hàn mí. Oòrùn ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, ó mọ́lẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà, ó ń dán létí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òjìji rẹ̀ ì bá nà sí apá òsì. Apá ọ̀tún ló nà sí, ó kọjú sí oòrùn gbọnrangandan bí ẹni tó fẹ́ lọ kí i. Ó ní olùkọ́ àwọn fẹ́ kí oníkálukú mú àwòrán àtijọ́ kan tó tún ṣe wá, pé òun yóò fi àwọ̀ yanrìn pa òjìji yẹn rẹ́, òun yóò sì ya òmíràn sí ibi tó yẹ kó wà. Ó ti po àwọ̀ yanrìn náà sílẹ̀ nínú àwo.

Mo ní kó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ọmọ náà sì wò mí tìyanutìyanu. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún un pé òjìji yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀rẹ́ mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe rántí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrántí mi lóde òní ti dà bí apẹ̀rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti ń lu. Katikíìsì ni bàbá mi, ìjọ sì rán an láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí abúlé kan létí òkun ní Ogun Wọ́tàsáìdì. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ pé ọmọ igbó ni wá, ọmọ kòkó àti obì àti igi gẹdú. A wọ mọ́tò dé Ìwọ̀pin, a wọ ọkọ̀ la ọ̀sà, a wá fi ẹsẹ̀ rìn lórí yanrìn tó ń gbé bàtà mì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé, mo gbọ́ tí nǹkan kan ń hó yaa lẹ́yìn àwọn igi àgbọn. Mo rò pé òjò ló ń bọ̀, mo sì sáré lọ kó àwọn aṣọ tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sórí okùn. Ọmọbìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó wò mí títí mo fi kó aṣọ náà tán. Ó wá ní òjò yẹn ò ní rọ̀ o, pé ó ti ń bọ̀ kí wọ́n tó bí ìyá òun. Bí mo ṣe mọ Bọ́sẹ̀ nìyẹn, bí mo sì ṣe mọ òkun nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, aṣọ funfun rẹ̀ kì í sì í yéé rùn èéfín, àní ní ọjọ́ Àìkú pàápàá. Òun ló ń di irun fún àwa méjèèjì, ìyá mi sì rán kàbà méjì lára ìrépé aṣọ kan náà, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Bọ́sẹ̀. Gíga wa dọ́gba. Bí a bá kọ ẹ̀yìn sí èèyàn, kò sí ẹni tó lè mọ èwo ni ọmọ katikíìsì, àwọn mìíràn ò sì mọ̀ ọ́n bí a bá kọjú sí wọn. Èmi ni wọ́n máa ń rán pé kí n lọ pe "ìyá rẹ", ìyá Bọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn, Bọ́sẹ̀ náà ni wọ́n ń bá wí nítorí pé kò mọ ẹsẹ Bíbélì tí èmi ì bá mọ̀.

Tísà kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ọ̀dọ́mọkùnrin gígùn kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó bíi tiwa. Àwọn ọ̀dà rẹ̀ wà nínú àpótí tí ìyàwó ẹlòmíràn ì bá kó ohun ọ̀ṣọ́ sí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun wù ú púpọ̀, kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún wọn, nítorí inú ìwé òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìkéde, ó dìde nínú ìjọ, ó ní, "Mo fẹ́ kun gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ létí òkun, tọkùnrin tobìnrin, títí kan àwọn ọmọdé."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe ń fi ọ̀dà kun ilé ni a ń fi ọ̀bẹ kun ẹran. Ilé tí wọ́n sì ń kùn létí òkun nígbà náà kò tó nǹkan, ẹran àti ẹja ni ọ̀bẹ wọn mọ̀. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Bàbá Alàwọ̀n, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àwọn tó ń fa àwọ̀n, dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó fi sùúrù dá a lóhùn.

"Tísà, ẹja lí a ń kun lí ihín. A kì í kun ọmọ ènìyàn."

Títí bàbá mi fi ṣàlàyé tán pé àwòrán ni Tísà ní lọ́kàn, ìdajì ìjọ ti gba ẹnu ọ̀nà jáde. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, bí Tísà bá ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ọmọdé á máa sá, àwọn àgbà á sì máa sọ pé Ìjẹ̀bú ni, ẹ má fojú di í, wọ́n láwọn ara Ìjẹ̀bú lè ṣe ohunkóhun. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é títí tó fi kúrò níbẹ̀ ni Tísà Akunyàn. Ó máa ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n gbà fún un tán, ìyọnu mìíràn tún dé. Tísà kì í ya èèyàn nínú ilé, kò sì gbà kí iná fìtílà wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́run tàn ni òun fẹ́. Ti ọ̀sán kò sì tún wù ú nínú ìyẹn náà, ó ní oòrùn ọ̀sán máa ń fọ àwọ̀ gbogbo nǹkan dànù. Àfẹ̀mọ́júmọ́ kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó lù, àti ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí a bá jáde, ìgbà wọ̀nyí nìkan ló ń rí ohun tó ń wá. Ó ra ègé aṣọ ìgbòkun àtijọ́ kan lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ó kàn án mọ́ igi, ó jókòó kọjú sí òkun. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wá kì í sì í pẹ́. Èèyàn ò lè jẹ ẹ̀kọ tán kó tó yí padà.

Iṣẹ́ ò sì dúró dè é. Àwọ̀n tó ti wà nínú omi, fífà ni wọ́n ń fà á, ẹnìkan kì í dúró lójú kan kí wọ́n lè yà á. Nítorí náà Tísà á ya apá kan lónìí, á ya ẹ̀yìn lọ́la. Bàbá Alàwọ̀n wá ń ráhùn pé wọ́n ti ya apá òun tán láìtíì ya orí òun, ó ní bí òun bá kú láàárín ọ̀sẹ̀, kí ni àwọn ọmọ òun yóò máa wò? Tísà sì fi orí rẹ̀ ṣíwájú ìyókù láti ìgbà náà.

Ọmọbìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ wá ni tiwa. Bọ́sẹ̀ ni Tísà kọ́kọ́ ní kó dúró. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ kì í rí àyè dúró láàárọ̀ kó tún dúró nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ yóò ti máa pè é. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dára tí Bọ́sẹ̀ kò sì sí, Tísà á nawọ́ sí mi, èmi á gbé apẹ̀rẹ̀, n ó dúró sí ojú ẹsẹ̀ Bọ́sẹ̀ gan-an nínú yanrìn. Kàbà kan náà, irun kan náà, kí ló kù? Báyìí ni ó ṣe di pé ọ̀kan nínú wa ń dúró fún un láàárọ̀, èkejì ń dúró ní ìrọ̀lẹ́. Ó ya òjìji láàárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì wà ní apá òsì rẹ̀, tó sì nà án gbọọrọ sí ọ̀tún. Ó ya ojú ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti lọ sí apá kejì. Bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, n kò lè sọ.

Ọjọ́ tó yí i sí wa pé ká wá wò ó, àwa méjèèjì la nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní èmi nìyí. Bọ́sẹ̀ tì mí lẹ́jìká.

"Ùwọ kọ́. Èmi ni."

Ìjà bẹ̀rẹ̀. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́, a ò sì jókòó síbì kan náà. Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ni a jọ gbà pé kó dá ẹjọ́ náà, nítorí ta ló tún mọ̀ wá tó ẹni tó ń di orí wa? Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó wo àwòrán náà, ó wò wá, ó tún wo àwòrán. Ó ní ẹni tó bá máa ru apẹ̀rẹ̀ ẹja tó wà nílẹ̀ yẹn délé fún òun, ẹni náà ni òun rí nínú àwòrán. Apẹ̀rẹ̀ náà wúwo bí òkú màlúù. Bọ́sẹ̀ wò mí, mo wò ó, ló bá ní ó jọ pé èmi ni, èmi náà sì ní rárá o, ó hàn gbangba pé òun ni. A jọ ru apẹ̀rẹ̀ náà nígbẹ̀yìn, a sì ti ń rẹ́rìn-ín ká tó dé ilé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìjọ ní kí bàbá mi padà wálé. Tísà fi àwòrán náà ta á lọ́rẹ. Wọ́n fi ẹní wé e, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa. Bọ́sẹ̀ rọ̀ mọ́ etí ọkọ̀ títí omi fi dé ìbàdí rẹ̀, mo sì rò pé ó fẹ́ gba àwòrán náà ni. Ohun tó sọ nìyí, mo sì mọ̀ pé ó sọ ọ́, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí n kò gbọ́ ọ:

"Jẹ́ kí ó jẹ́ tìẹ. Ùwọ lí ó ń lọ."

Mo ní rárá, tirẹ̀ ni. Ó ní tèmi ni. Bí wọ́n ṣe ti ọkọ̀ nìyẹn, tí oníkálukú wa ń fi ara rẹ̀ ta ẹnìkejì lọ́rẹ.

Mo ti di ìyàwó ilé nígbà tí mo gbọ́ pé Bọ́sẹ̀ àti ìyá rẹ̀ bá àwọn apẹja tẹ̀ lé ẹja lọ sí ìhà Kàmẹ́rúùnù. Wọ́n ní àwọn míì padà, àwọn míì ò padà. Kò sí ẹni tó lè sọ èwo ni tiwọn. Kò sí fótò rẹ̀ kankan, ẹnikẹ́ni ò ní kámẹ́rà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ béèrè dé? Òkun ti jẹ yanrìn tí a dúró lé, abúlé náà sì ti ṣí lọ sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Mo sọ gbogbo èyí fún Tọ́pẹ́. Mo ní nítorí náà, ojú tó wà nínú àwòrán yìí, tèmi ni, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni èmi máa ń dúró. Àdúrà òwúrọ̀ wà ní ilé katikíìsì, bàbá mi kì í sì í fi ìyẹn ṣeré. Bọ́sẹ̀ ló ń dúró láàárọ̀, òun ló ni òjìji. Ìyẹn nìkan ló kù nínú rẹ̀ láyé tí mo mọ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ yanrìn bò ó mọ́lẹ̀. Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Ó ti ń gbé àwo tó fi po ọ̀dà kúrò nílẹ̀ nígbà tí mo ṣe ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní ìlú Awa lórí fóònù, kó lè bá mi jẹ́rìí sí i.

Bọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní èmi kẹ̀, àdúrà òwúrọ̀ kẹ̀? Ó ní ta ló ń sá kúrò níbi àdúrà òwúrọ̀ lójoojúmọ́ bí kò ṣe èmi, tí wọ́n á sì ní kí òun wá mi lọ sétí òkun, tí wọ́n á tún na òun pé òun pẹ́? Ó ní Bọ́sẹ̀ kọ́ ló ń dúró láàárọ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń fa àwọ̀n tó pọ̀ jù, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bọ́. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ní àwọ̀n ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ó ní àwọ̀n ìrọ̀lẹ́ wo?

Mo pa fóònù, mo jókòó. Bí ó bá rí bí Bọ̀dá ti wí, a jẹ́ pé Bọ́sẹ̀ ló ni ojú yẹn, èmi ni mo ni òjìji. Mo wo ojú náà títí. Ṣé imú mi nìyí? N kò ní fótò ara mi nígbà ọmọdé, n kò mọ bí imú mi ṣe rí kí ọjọ́ orí tó tún un mọ. Tọ́pẹ́ ní ó jọ mí, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fẹ́ jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ ẹni, kí ló fẹ́ sọ? Mo di ojú mi kí n lè rántí. Mo rántí yanrìn tó ń yọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo rántí bí apẹ̀rẹ̀ ṣe ń gún mi níhà. Mo rántí oòrùn lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo?

Tọ́pẹ́ káwọ́ gbera, ó dúró tì mí. Ó ní, "Màmá, èwo wá ni yín nínú rẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo ní ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyíkéyìí, nítorí èyí tó bá pa rẹ́, ó lè jẹ́ Bọ́sẹ̀, ó sì lè jẹ́ èmi. Ó ní olùkọ́ òun yóò sọ pé àṣìṣe ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní kó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé ìyá ìyá òun ló sọ pé kó wà bẹ́ẹ̀. Ó da àwọ̀ yanrìn náà nù lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, fótò ni ẹ ń yà kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ sì tún ń pa á rẹ́ kí ẹ tó jẹun tán. N kò bá yín wí, ayé yín nìyẹn. Tiwa kò fún wa ju ẹyọ kan lọ, a tún pín in sí méjì, n kò sì mọ ìpín tó kàn mí mọ́. Bóyá Bọ́sẹ̀ wà níbì kan tó ń jiyàn pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. A ti gbé àwòrán náà padà sára ògiri, ní apá ibi tí fèrèsé wà. Mo máa ń gbé àga síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wò wá: ọ̀kan nínú wa dúró, èkejì dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí yanrìn, ẹsẹ̀ wa lẹ̀ mọ́ra.